Ogójì Jàfárù

Nǹkan mẹ́rin ló bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ lọ́rì Àlájà Sìkírátù, mo sì fẹ́ kà wọ́n kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Èkíní, wọ́n pààrọ̀ táyà ọkọ̀ náà sí èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó rò ó pé aago tí ń ka eré ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Èkejì, wọ́n pe olóòótọ́ ènìyàn ní òpùrọ́ nítorí irọ́ tí aago pa. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ní òun mọ aago náà í tún ṣe tún un ṣe títí ó fi burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí òtítọ́ jáde sí gbangba, tí gbogbo wa fi ojú ara wa rí i, àwọn àgbà ní kí òtítọ́ náà dọ̀bálẹ̀ kí ó sì tọrọ àforíjì. Mo lè fara da mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé àìmọ̀ ló bí wọn. Ẹ̀kẹrin ni n kò lè gbé mì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Àlájà Sìkírátù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbé Ìkòtún láti ìgbà tí oko ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju òrùlé lọ. Èmi Olútóyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní físíìsì, ọ̀dọ̀ Àlájà ni mo sì ń gbé. Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ni. Gbogbo ẹni tó gba owó náà ló fẹ́ kọ́lé, gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ́lé ló ń wá yanrìn, lọ́rì típà Àlájà kì í sì í sinmi láàárín Ìgàndó àti Ìyànà Ìpájà.

Àlájà ní òfin kan tí kò ní àwíjàre nínú. Lọ́rì ló pa ọkọ wọn. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń sáré bọ̀ láti Ìbàdàn ló da ọkọ̀ náà sí kòtò, Àlájì ọkọ wọn sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Àlájà gbọ́dọ̀ ṣe àlùwàlá, kí ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, kí ó sì búra pé bí ẹrù bá wà lẹ́yìn òun, eré òun kò ní kọjá ogójì máìlì ní wákàtí kan. Àwọn kan ti búra rí, wọ́n sì ti gbàgbé kí wọ́n tó dé Ìdímù. Jàfárù búra, kò gbàgbé.

Jàfárù náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì máa ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Ojú rẹ̀ kì í jìnnà sí aago eré, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní mítà. Bí ọwọ́ aago náà bá ti ń sún mọ́ ogójì báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti kúrò lórí ohun tí a fi ń tẹ iná ọkọ̀. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Ogójì. Bí ó bá ti ń wọ gáréèjì Ìkòtún ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀:

“Ogójì dé o! Ogójì, ìgbín mélòó ló yà ọ́ sílẹ̀ lónìí?”

“Ẹyọ kan ni,” Jàfárù yóò dáhùn. “Ó ní kí n bá òun kí bàbá rẹ.”

Wọn yóò rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Kò sí onílọ́rì kan ní Ìkòtún tí kò mọ̀ pé bí Jàfárù bá ní ogójì, ogójì ni.

Ìgbà tí Jàfárù lọ ṣe Iléyá nílé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ti jẹ tán. Àlájà ránṣẹ́ pe Táyéwò, mẹkáníìkì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tó máa ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà, tó sì máa ń bínú bí ènìyàn bá gbàgbé láti pè é bẹ́ẹ̀.

“Àlájà, táyà tó yẹ ọkọ̀ yín wà lórí omi ní Àpápá,” ni ó wí. “Òun àti gbogbo sìmẹ́ǹtì Nàìjíríà ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó kó wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn kan tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Ẹ wò ó, bàǹtà-banta! Ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀ kò lè di irú èyí mú láéláé.”

“Ṣé kò ní ṣe ọkọ̀ ní nǹkan kan?”

“Kí ni yóò ṣe é? Bàtà ńlá ṣá ni wọ́n bọ̀ fún un. Ṣé bàtà ńlá ń pa ènìyàn ni?”

Wọ́n bọ bàtà ńlá fún lọ́rì. Nígbà tí Jàfárù ti Iléyá dé, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi ọwọ́ wọn gíga rẹ̀ mọ́ àyà ara rẹ̀.

“Àlájà, ọkọ̀ yìí mà ti ga o.”

“Gbogbo nǹkan ló ń ga ní Nàìjíríà báyìí,” ni Àlájà fèsì, inú wọn sì dùn dé èékánná. “Gùn ún kí o máa lọ, jàre.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlájà wọ takisí ní Ìkòtún, wọ́n ń lọ sí Ìyànà Ìpájà. Bí wọ́n ti kọjá Ìdímù, wọ́n rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn níwájú, yanrìn kún un dẹ́nu. Onítakisí ń tẹ ọkọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò lé lọ́rì náà bá.

“Ìwọ onítakisí, kí ni mítà rẹ ń sọ?”

“Márùndínláàádọ́ta, Màmá.”

“O sì ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́rì yẹn?”

“Màmá, mo ń sa gbogbo ipá mi. Dẹ́rẹ́bà yẹn ń fò ni, kò wakọ̀.”

Bí wọ́n ti dé Ìkòtún padà ni wọ́n gba gáréèjì lọ. Wọn kò pe Jàfárù sẹ́yìn ilé kan kí wọ́n bi í léèrè. Wọn kò ní kí ó wá sí ilé. Níwájú gbogbo awakọ̀, níwájú àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àti àwọn tó ń jẹ ẹ́, wọ́n na ọwọ́ sí i pé kí ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àwọn fún àwọn.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin onílọ́rì,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó gbé ọwọ́ lé Kùránì níwájú mi tó sì búra èké nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ di opó bíi tèmi, kí ó gbé ọkọ̀ fún un.”

“Àlájà, mo fi Ọlọ́run Ọba bẹ̀ yín, ọwọ́ mítà kò kọjá ogójì.”

“Ojú mi yìí ni mo fi rí ọ!”

Bí Jàfárù ṣe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́. Ní ọdún tí à ń wí yìí, kò ṣòro fún awakọ̀ láti rí iṣẹ́. Lọ́rì pọ̀ ju ẹni tó lè wà á lọ. Ẹni tó fọ́ ọkọ̀ lánàá yóò rí òmíràn gbé lọ́la. Ẹni tó fi Kùránì parọ́ ni kò sí ẹni tí yóò fún ní kọ́kọ́rọ́, nítorí pé kò sí ohun tí a tún lè fi mú un búra. Nígbà tí mo lọ wò ó nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó ń tún bàtà tí kò já rán.

“Bọ̀ọ̀dá Jàfárù, mo lè bá yín sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa. Wọ́n ń wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì.”

“Iṣẹ́ kọ́ ni mò ń wá, Tóyìn. Bí mo bá gba ibòmíràn lọ, wọn yóò ní òótọ́ ni, ó sá. Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà. Bí wọ́n bá ti pè mí ní abúra-èké, kí ló kù tí mo tún lè fi ẹnu mi sọ tí ẹnikẹ́ni yóò gbọ́?”

“Ṣé òótọ́ ni pé kò kọjá ogójì?”

Ó wò mí. Mo kábàámọ̀ pé mo béèrè. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Nǹkan kan ṣá wà. Láti ìgbà tí mo ti Iléyá dé, ó máa ń dà bí ẹni pé àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń yára kọjá jù. Mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Mo wo mítà, ogójì ni. Mo tún un wò, ogójì náà ni.”

Láti ìgbà tó ti Iléyá dé. N kò jẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà tán tí mo fi dìde. Mo ń bínú sí ara mi pé mo ti ń bá àwọn táyà ńlá yẹn gbé inú ọgbà kan náà, èmi tí mò ń gba owó ìjọba láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn táyà àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé wa, lẹ́bàá kànga, a ti sọ ọ́ di ìjókòó. Mo wá okùn, mo fi yí táyà náà po, mo sì gé okùn náà níbi tó ti pàdé. Mo gé òmíràn tó yí táyà tuntun po. Mo wá pe Àlájà síta. Mo ṣẹ́ okùn táyà àtijọ́ po sí méjì, mo tún un ṣẹ́, mo tún un ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ìdá mẹ́jọ. Nígbà tí mo fi ìdá kan wọn okùn táyà tuntun, ó gba mẹ́sàn-án.

“Màmá, aago yẹn kò mọ ọ̀nà,” mo wí. “Ìṣísẹ̀ ló ń kà. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọdé kan àti àgbà kan jọ ń rìn lọ sí Ìdímù. Bí àgbà bá gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ọmọdé yóò gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n rìn. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni wọ́n fi kọ́ aago yìí ní kíkà. Ẹ̀yin bọ ẹsẹ̀ àgbà sí ọkọ̀, ẹ kò sì sọ fún aago. Nígbà tí ó bá ka ogójì, márùndínláàádọ́ta ni ọkọ̀ ń sá. Iye tí onítakisí sọ fún yín gan-an nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá Jàfárù kò parọ́.”

Àlájà wo okùn, wọ́n wo táyà, wọ́n wò mí.

“Tóyìn, ọ̀rọ̀ Kùránì ni mò ń sọ, ìwọ ń sọ ọ̀rọ̀ okùn.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ kan náà ni.”

“Kì í ṣe ọ̀kan náà. Irin kì í parọ́. Ènìyàn ló ń parọ́.”

“Ẹni tó bọ bàtà tí kò bá a mu fún irin ló sọ irin di òpùrọ́.”

“Ta lẹni náà?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo ń tún okùn náà tò. Ilé wọn ni mo wà, oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ. Ṣùgbọ́n Àlájà kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti okùn náà díẹ̀, wọ́n ní: “Ó dáa. Ẹ tún aago náà ṣe. Bí èyí tó wà nínú lọ́rì bá sọ ohun kan náà pẹ̀lú ti takisí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbà pé aago ló jẹ̀bi.”

A ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Táyéwò. Mo ṣàlàyé fún un. Mo yà á sórí ilẹ̀. Ó ń mi orí lọ́nà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń gbà mi orí nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n.

“Márùn-ún ni ó fi dín, àbí?” ni ó bi mí. “Ó ti yé mi. Ẹ lọ jókòó, Àǹtí Tíṣà.”

Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní irinṣẹ́ òun ti dàgbà jù mí lọ.

Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé, ó ti parí iṣẹ́, ó ti ń nu ọwọ́. Mo gun ọkọ̀ láti wò ó. Lọ́rì dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, adìẹ sùn sábẹ́ rẹ̀. Aago ń ka márùn-ún.

“Ẹnjiníà, kí lèyí?”

“Kí ni?”

“Ọkọ̀ yìí dúró, aago ní ó ń sá márùn-ún.”

“Ṣebí ìwọ lo ní ó fi márùn-ún dín. Mo yọ ọwọ́ aago, mo sún un síwájú ní márùn-ún, mo dè é padà. Bí ó bá sá ogójì tó ti ń sá tẹ́lẹ̀, márùndínláàádọ́ta ni yóò sọ. Kí lo tún fẹ́?”

“Kí ó tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá rọra ń lọ ńkọ́? Kì í ṣe márùn-ún ló ń jí. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó bá kà ló ń jí. Bí ó bá ka díẹ̀, díẹ̀ ni yóò jí. Bí ó bá ka púpọ̀, púpọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí ohun tó kà, kí ni yóò wá jí?”

“Àǹtí, olè wo ló ń wọn ohun tó fẹ́ jí?”

Àwọn awakọ̀ ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ń ti gáréèjì wá wò ó ní méjì-méjì, wọ́n ń na ọrùn wọ ojú fèrèsé ọkọ̀.

“Ẹ kúrò lọ́nà o, lọ́rì Àlájà ń sáré bọ̀!”

“Bí ó bá sùn mọ́jú báyìí, Abẹ́òkúta ni ẹ ó ti bá a láàárọ̀.”

Àlájà gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú ilé. Wọ́n jáde, wọ́n wo aago, ojú tì wọ́n, orí mi ni wọ́n sì da gbogbo ìtìjú náà lé. “Ṣé ohun tí a rán ọ lọ kọ́ ní yunifásítì rèé? Ọkọ̀ tó dúró ń sáré! Irú aago tí o fẹ́ fi dá Jàfárù láre nìyí?” Ohun tó dùn mí jù ni pé Táyéwò náà wà níbẹ̀, ó ń mi orí pẹ̀lú wọn bí ẹni pé èmi ni mo fi irinṣẹ́ sún ọwọ́ aago.

Mo ní kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní aṣọ òun mọ́. Mo bọ́ bàtà, mo ká ìró mi, mo ní èmi yóò wọ ibẹ̀. Ìtìjú pé obìnrin yóò wọ abẹ́ lọ́rì lójú òun ló gbé e wọlé. Láti ibi tí mo lóṣòó sí ni mo ti ń sọ ohun tí yóò wá fún un: okùn irin kan ń ti ẹ̀yìn jíà ọkọ̀ lọ sí ara aago, jíà kékeré kan sì wà ní ìdí okùn náà tó ń yí i. Ó yọ ọ́. Kò tó ìka méjì. Eyín méjìdínlógún ló wà lára rẹ̀.

“Èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún la fẹ́,” mo wí. “Bí eyín rẹ̀ bá dín, yóò máa yára yí, aago yóò sì máa ka gbogbo ìṣísẹ̀ bí ó ṣe gùn tó.”

“Níbo ni ènìyàn ti ń ra eyín jíà ní ẹyọ-ẹyọ?” ni Táyéwò wí láti abẹ́ ọkọ̀. “Lórí omi ní Àpápá ni ìyẹn náà wà, ṣá.”

Kò sí lórí omi. Ó wà lára òkú lọ́rì kan tí koríko ti bò ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìyànà Ìpájà, irú kan náà pẹ̀lú ti Àlájà, àmọ́ tó jẹ́ pé táyà ńlá ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ bọ̀ fún un, lẹ́yìn tí a ti tú òkú ọkọ̀ mìíràn wò lásán, tí mo sì ti gbọ́ èébú lẹ́nu ẹni tó ni wọ́n. Táyéwò bọ jíà náà sí ọkọ̀, ó dá ọwọ́ aago padà sí òdo níbi tí Ọlọ́run àti òyìnbó fi í sí.

A wá onítakisí ọjọ́ náà rí. Àlájà jókòó sí iwájú lọ́rì, Táyéwò ló wà á, èmi wà nínú takisí. A jọ gbéra ní Ìdímù, a ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa níbi tí ọ̀nà gbà wá. Nígbà tí aago takisí bá ka ogún, mo ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀; mo sì ń rí i tí orí Àlájà ń tẹ̀ síwájú láti wo tiwọn. Ogún. Ọgbọ̀n. Ogójì. Ní ogójì yìí, mo rí ojú wọn kedere. Wọ́n gbé ojú kúrò lára aago, wọ́n wo àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n ń wo bí àwọn igi náà ṣe ń rọra kọjá. Wọ́n sì mọ̀. Mo lè fi orí mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ kejì, Àlájà ránṣẹ́ pe Jàfárù. Bàbá Ṣàfíù, alága ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Ìkòtún, ni wọ́n gbé ìjókòó àga ńlá fún nínú pálọ̀, Táyéwò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, Àlájà fúnra wọn jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Kọ́kọ́rọ́ lọ́rì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹran gbígbóná. Jàfárù wọlé, ó kí gbogbo wọn, ó dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

“Jàfárù,” ni Bàbá Ṣàfíù bẹ̀rẹ̀, “ọ̀rọ̀ ti yanjú. A ti rí i pé ẹ̀rọ ló fa gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyá rẹ kò bínú mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ nìyí. Dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí o bẹ̀ wọ́n, kí o gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, kí gbogbo wa lè jẹ ẹran yìí kí ó tó tutù.”

“Bàbá, ẹ ṣeun,” ni Jàfárù wí. “Kí ni mo ṣe tí n ó fi bẹ̀ wọ́n?”

“Ta ló sọ pé o ṣe nǹkan kan?”

“Bí n kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀bẹ̀ wo ni mo fẹ́ bẹ̀?”

“Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! O jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn nìkan tó. Ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ rojọ́. Ọkùnrin wo ni ìdọ̀bálẹ̀ pa rí?”

“Lẹ́ẹ̀kan péré ni, jàre,” ni Táyéwò wí. “Dọ̀bálẹ̀ kí o dìde. Èmi tí ẹ rí yìí, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jẹ mí lówó rí.”

Jàfárù kò rẹ́rìn-ín. “Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lónìí, Bàbá, kí ni wọn yóò sọ ní gáréèjì lọ́la? Wọn kò ní sọ pé táyà ló tóbi. Wọn yóò ní Ogójì lọ bẹ Àlájà, Àlájà sì dárí jì í. A kì í dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ti dárí jì mí, mo ti búra èké nìyẹn títí ayé.”

“O ti ń gbéra ga o, Jàfárù.”

Ó wo kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì. Mo rí i bí ó ṣe fẹ́ ẹ tó. Ó kí wọn, ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Gbogbo wọn sì pariwo lé e lórí pé kò ní ẹ̀kọ́, bí ẹni pé òun ló ra táyà, bí ẹni pé òun ló sún ọwọ́ aago, bí ẹni pé òun ló dúró láàárín gáréèjì tó pe ara rẹ̀ ní abúra-èké. Àlájà ní tiwọn ń ka tẹ̀súbáà, ojú wọn wà nílẹ̀.

Mo mọ ire tó wà nínú àṣà wa yìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń pa iná tí ẹjọ́ kò lè pa, pé ilé tí kò bá sí ẹni tó lè tẹrí ba nínú rẹ̀ kì í pẹ́ tú. Ṣùgbọ́n àṣà tó ń béèrè ẹni tó kéré jù kí ó tó béèrè ẹni tó ṣẹ̀, omi kọ́ ló ń dà sí iná. Aṣọ ló ń dà bò ó. Mo dìde.

“Tóyìn, jókòó,” ni Bàbá Ṣàfíù wí. “Ọ̀rọ̀ àgbà ni.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá Jàfárù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ.”

Mo kọjá níwájú àga ńlá náà, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Àlájà, mo sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún mi kan tìmùtìmù.

“Màmá, mo kúnlẹ̀ fún yín nítorí pé wọ́n bí ìyá mi lé yín, n kò kúnlẹ̀ nítorí pé mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ra táyà. Ẹ̀yin lẹ jókòó nínú lọ́rì lánàá, ẹ sì rí ohun tí mo rí. Ẹ kò ní kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ ọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé gáréèjì, ẹ sì fi ohùn ara yín sọ ọ́. Ẹ fi tẹ̀súbáà sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ wé gèlè yín, kí á jọ lọ nísinsìnyí tí àwọn awakọ̀ kò tíì tú ká. Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́, pé Jàfárù kò búra èké.”